Oyè Kì í Ṣe Àṣẹ: Bí Ìpele 33 Ṣe Wọ Inú Ẹgbẹ́ Fírímésìn

Tí wọ́n bá nawọ́ sí ọkùnrin kan pé Fírímésìn ni, pé ó ti dé ìpele 33, ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń rò ni pé òun ni olórí pátápátá, pé ẹnikẹ́ni tí ìpele rẹ̀ bá rẹlẹ̀ sí tirẹ̀ gbọ́dọ̀ máa gbàṣẹ lẹ́nu rẹ̀. Òfin ẹgbẹ́ náà kò sọ bẹ́ẹ̀. Ìpele mẹ́ta péré ló ní àṣẹ nínú lọ́ọ̀jì, ìyẹn ẹ̀ka tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ti ń ṣèpàdé. Ẹni tó bá jókòó sórí àga ọ̀gá lọ́jọ́ ìpàdé ló ń darí gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀, onípele 33 sì wà lára wọn. Àwọn ìpele tó kù, láti ìkẹrin lọ sókè, oyè ni wọ́n. Wọ́n ní iyì, wọ́n sì ní ẹ̀kọ́ nínú, ṣùgbọ́n wọn kò ní àṣẹ lórí lọ́ọ̀jì kankan. Ìjà àti àdéhùn tó gbà tó ọgọ́rùn-ún ọdún, láti London dé Paris, láti àwọn erékùṣù Caribbean dé Charleston ní Amẹ́ríkà, ló bí ìlànà yìí.

Lọ́ọ̀jì mẹ́rin nínú ilé ọtí

Kí àwọn ọlọ́lá tó gba ẹgbẹ́ yìí, ti àwọn mọlémọlé tó ń gbẹ́ òkúta ni. Ní Scotland, William Schaw, ẹni tó ń bójú tó iṣẹ́ ilé kíkọ́ fún ọba, ṣe òfin fún wọn ní ọdún 1598, ó sì tún ṣe òmíràn ní 1599. Ó kà á léèwọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni gba ọmọ ìkọ́ṣẹ́ fún ìgbà tó dín ní ọdún 7. Ẹni tó bá ti jókòó níbi tí télọ̀ tàbí mẹkáníìkì ti ń ṣe fírídọ̀ọ̀mù fún ọmọọṣẹ́ rẹ̀ ti mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí: ọ̀gá á gbàdúrà, á fa irinṣẹ́ lé ọmọ lọ́wọ́, ọmọ náà á sì di ẹni tó lè dá dúró. Ìpele méjì ni lọ́ọ̀jì àtijọ́ ní, ọmọ ìkọ́ṣẹ́ àti oníṣẹ́ tó ti gbòmìnira.

Díẹ̀díẹ̀ ni àwọn tí kò gbẹ́ òkúta rí bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Elias Ashmole, ọ̀mọ̀wé tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé Ashmolean ní Oxford, kọ ọ́ sínú ìwé tó ń kọ ìrírí rẹ̀ sí pé wọ́n gba òun wọ ẹgbẹ́ náà ní Warrington ní oṣù kẹwàá ọdún 1646. Nígbà tí ọ̀rúndún kejìdínlógún fi bẹ̀rẹ̀, àwọn dókítà, agbẹjọ́rò, àlùfáà àti oníṣòwò ti pọ̀ ju mọlémọlé lọ nínú àwọn lọ́ọ̀jì kan ní London.

Ìtàn tí ẹgbẹ́ náà ń sọ nípa ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ni pé lọ́ọ̀jì mẹ́rin tó ń ṣèpàdé nínú ilé ọtí kóra jọ ní 24 oṣù kẹfà ọdún 1717, ọjọ́ àjọ̀dún Jòhánù Onítẹ̀bọmi, sí ilé ọtí Goose and Gridiron lẹ́bàá ṣọ́ọ̀ṣì St Paul. Wọ́n yan Anthony Sayer ṣe Ọ̀gá Àgbà, Lọ́ọ̀jì Àgbà àkọ́kọ́ láyé, tó ń ṣàkóso àwọn lọ́ọ̀jì, sì bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó kọ ìtàn yìí sílẹ̀ ni James Anderson, àlùfáà ìjọ Presbyterian láti Scotland, ọdún 1738 ló sì tó tẹ̀ ẹ́ jáde, ọdún 21 lẹ́yìn ìpàdé náà. Nítorí ìyẹn, Andrew Prescott àti Susan Mitchell Sommers, òpìtàn méjì lóde òní, gbà pé ọdún 1721 ni Lọ́ọ̀jì Àgbà fìdí múlẹ̀ lóòótọ́, nígbà tí Duke ti Montagu jẹ Ọ̀gá Àgbà, tí ọwọ́ àwọn ọlọ́lá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì tẹ ẹgbẹ́ náà.

Òfin 39 àti ààlà tí a kò kọ sílẹ̀

Ìwé òfin àkọ́kọ́, Constitutions, jáde ní 1723. Anderson ló kọ ọ́, ṣùgbọ́n òfin 39 tó wà nínú rẹ̀, George Payne ló kó wọn jọ nígbà tó jẹ Ọ̀gá Àgbà lẹ́ẹ̀kejì ní 1720. Mẹ́ta nínú wọn ló ṣàlàyé gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà.

Òfin kẹfà ní ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ di ọmọ lọ́ọ̀jì àyàfi tí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ tó wà níjokòó bá fọwọ́ sí i. Kì í ṣe Ọ̀gá Àgbà ló ń yan ẹni tí yóò wọlé. Àwọn tí wọn yóò jọ máa jókòó pọ̀ ni. Láti inú òfin yìí ni ìbò bọ́ọ̀lù funfun àti dúdú ti dúró ṣinṣin. Títí dòní lábẹ́ Lọ́ọ̀jì Àgbà London, bí bọ́ọ̀lù dúdú bá ti pé mẹ́ta, ẹni tí à ń dìbò fún kò wọlé mọ́, lọ́ọ̀jì sì lè pinnu pé ẹyọ kan tàbí méjì tó láti dá a padà.

Òfin kẹtàlá ní Lọ́ọ̀jì Àgbà nìkan ló lè sọ ọmọ ìkọ́ṣẹ́ di oníṣẹ́ tàbí ọ̀gá, àfi tí wọ́n bá fúnni ní ìyọ̀ǹda. Àwọn lọ́ọ̀jì kò fara mọ́ èyí, wọ́n sì pa á rẹ́ ní 1725. Láti ìgbà náà, lọ́ọ̀jì kọ̀ọ̀kan ló ń gbé ọmọ rẹ̀ ga fúnra rẹ̀.

Òfin kọkàndínlógójì, tó kẹ́yìn, ní Lọ́ọ̀jì Àgbà lè ṣe òfin tuntun nígbàkígbà, bí kò bá ti yẹ ààlà àtijọ́. Ibi tí ààlà náà wà gan-an ni wọn kò kọ sílẹ̀, ibẹ̀ ni wàhálà sì gbà wọlé. Ní 1730, Samuel Prichard tẹ ìwé kékeré kan jáde tó tú àṣírí ẹgbẹ́, Masonry Dissected, ìpele mẹ́ta sì ló wà nínú rẹ̀. Láàárín ọdún díẹ̀, ìpele ọ̀gá oníṣẹ́ ti dá dúró, pẹ̀lú ìtàn Hiramu, olórí àwọn mọlémọlé tẹ́ńpìlì Sólómọ́nì, ẹni tí wọ́n pa nítorí pé ó kọ̀ láti sọ àṣírí. Kò sí ẹni tó jókòó dìbò kí ìpele yìí tó wọlé. Bí ìpele kẹta bá lè yọjú báyìí, kí ló fẹ́ dá ìkẹrin dúró?

Paris: àwọn ọmọ jagunjagun

Ohun tó yára dáhùn ìbéèrè yẹn ni ọ̀rọ̀ tí ọmọ Scotland kan tó ń gbé Paris, Andrew Michael Ramsay, kọ́kọ́ sọ níwájú àwọn Fírímésìn ní ìparí ọdún 1736. Ramsay ní àwọn Fírímésìn kò ti ọ̀dọ̀ mọlémọlé wá. Ó ní àwọn ọlọ́lá tó ja Ogun Mímọ́ ní Palẹ́sìnì ló dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀, pé Scotland ló sì tọ́jú rẹ̀. Kò sí ẹ̀rí kankan fún un, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà dùn létí àwọn ọlọ́lá ilẹ̀ Faransé, tí wọn kò fẹ́ kí a máa pè wọ́n ní ọmọ agbẹ́kùúta. Láti àwọn ọdún 1740, ìpele tuntun bẹ̀rẹ̀ sí í rú yọ bí olú. Wọ́n so púpọ̀ nínú wọn mọ́ Scotland, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Faransé ló dá wọn sílẹ̀, wọ́n sì fi idà, agbelébùú àti orúkọ oyè jagunjagun ṣe wọ́n lọ́ṣọ̀ọ́.

Oníṣòwò kan, Étienne Morin, gba ìwé àṣẹ ní Paris ní 1761 láti máa tan àwọn ìpele gíga kálẹ̀ lókè òkun. Saint-Domingue, ilẹ̀ tí à ń pè ní Haiti lónìí, ló gbé wọn lọ, lẹ́yìn náà ló lọ sí Jamaica, ó sì kú sí Kingston ní 1771. Ìpele 25 ló wà nínú ètò rẹ̀. Igbákejì rẹ̀, Henry Andrew Francken, kọ wọ́n sínú ìwé, ó sì ti gbé wọn dé Albany ní ìpínlẹ̀ New York láti 1767. Àwọn erékùṣù yìí, níbi tí wọ́n ti ń kó àwọn ẹrú, tí ọmọ Yorùbá wà lára wọn, wọ inú oko ìrèké, ni ìpele gíga ti rí ẹsẹ̀ wọ Amẹ́ríkà.

Lọ́ọ̀jì Àgbà méjì ní ìlú kan

Ní London, ìjà náà gba ọ̀nà mìíràn. Ní 1751, àwọn Fírímésìn kan, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọ Ireland tó ń fọwọ́ ṣiṣẹ́, dá Lọ́ọ̀jì Àgbà tiwọn sílẹ̀. Wọ́n sọ ara wọn ní Ìgbàanì, wọ́n sì pe Lọ́ọ̀jì Àgbà àkọ́kọ́ ní Ìgbàlódé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn Ìgbàlódé ló ti wà ṣáájú. Ẹnu tó mú náà ló ṣiṣẹ́ fún wọn. Laurence Dermott, tó ń fi ọ̀dà kíkùn jẹun, di akọ̀wé wọn ní 1752, ó sì kọ ìwé òfin wọn, Ahiman Rezon, ní 1756.

Ohun tó yà wọ́n nípa jùlọ ni ìpele Royal Arch. Lójú àwọn Ìgbàanì, ìpele kẹrin ni, lọ́ọ̀jì tó bá sì ti ní ìwé àṣẹ fún ìpele mẹ́ta lè fúnni ní ti ẹ̀kẹrin náà. Àwọn Ìgbàlódé ní àwọn kò mọ̀ ọ́n. Síbẹ̀, ní 1766, Lord Blayney, Ọ̀gá Àgbà àwọn Ìgbàlódé fúnra rẹ̀, fọwọ́ sí ìwé tó dá ẹgbẹ́ Royal Arch pàtàkì kan sílẹ̀ ní London. Ohun tí ilé ń kọ̀ níwájú, baálé ń gbà á wọlé láti ẹ̀yìnkùlé.

Ọdún 62 ni Lọ́ọ̀jì Àgbà méjèèjì fi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn kí ọmọ ọba méjì tó parí ìjà. Ní ọdún 1813, Duke ti Sussex ni Ọ̀gá Àgbà àwọn Ìgbàlódé, Duke ti Kent, bàbá Ọbabìnrin Victoria, sì ni ti àwọn Ìgbàanì. Ọmọ Ọba George Kẹta ni àwọn méjèèjì. Ní 27 oṣù Kejìlá ọdún náà, wọ́n sọ ẹgbẹ́ méjì di ọ̀kan, United Grand Lodge of England, Sussex sì di Ọ̀gá Àgbà rẹ̀ títí ó fi kú ní 1843.

Abala kejì nínú àdéhùn wọn ṣì ni òfin tó wà dòní. Ó ní ìpele mẹ́ta péré ló wà nínú Fírímésìn àtijọ́ tó pójú owó, kò sí ju bẹ́ẹ̀ lọ, pé Royal Arch sì wà nínú mẹ́ta náà. Báyìí ni wọ́n ṣe gba ti àwọn Ìgbàlódé lórí iye, tí wọ́n sì gba ti àwọn Ìgbàanì lórí ohun tó wà nínú iye náà. Wọ́n fi gbólóhùn kan kún un: kò sí ohun tó ní kí ọmọ ẹgbẹ́ má lọ gba oyè àwọn jagunjagun lábẹ́ òfin àwọn ẹgbẹ́ tó ni oyè náà. Ẹni tó bá fẹ́ oyè lè lọ gbà á, ṣùgbọ́n àṣẹ kò kúrò nílé. Sussex fúnra rẹ̀ jẹ olórí àwọn Templar, ọ̀kan nínú àwọn ẹgbẹ́ oyè jagunjagun náà, kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pè wọ́n sí ìpàdé. Ìgbà tó kú tán, ní 1845, ni Ìgbìmọ̀ Gíga Jùlọ ti ìpele 33 tó fìdí múlẹ̀ ní England.

Charleston, 1801

Àwọn ará Amẹ́ríkà ti ṣáájú wọn. Ní 31 oṣù karùn-ún ọdún 1801, ní ìlú Charleston ní South Carolina, John Mitchell àti Frederick Dalcho bẹ̀rẹ̀ Ìgbìmọ̀ Gíga Jùlọ àkọ́kọ́ láyé fún ètò tí wọ́n ń pè ní Scottish Rite. Wọ́n mú ìpele 25 ti Morin, wọ́n fi 8 kún un, ó di 33. Dókítà ni Dalcho kó tó di àlùfáà. Mitchell ti sìn nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun George Washington. Kírísítẹ́nì àti Júù ló wà nínú àwọn olùdásílẹ̀ 11 náà. Ogun òmìnira àwọn ẹrú ní Saint-Domingue ló lé àwọn Faransé kan wá bá wọn, lára wọn ni Alexandre de Grasse-Tilly, ọmọ ọ̀gágun ojú omi tó ran Amẹ́ríkà lọ́wọ́ ní 1781. Òun ló gbé ètò náà padà sí Paris, tó sì dá Ìgbìmọ̀ Gíga Jùlọ ilẹ̀ Faransé sílẹ̀ ní 1804.

Àṣẹ wo ni àwọn èèyàn yìí gùn lé? Wọ́n ní Ọba Frederick ti Prussia ló fọwọ́ sí òfin wọn ní 1786, ọdún tó kú. Àwọn òpìtàn kò gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n nínú ìwé tí wọ́n fi kéde ara wọn ní oṣù Kejìlá 1802, wọ́n sọ ohun kan tó gba ẹgbẹ́ wọn là: àwọn kò ní máa fi ẹnikẹ́ni wọ ìpele mẹ́ta àkọ́kọ́ láìgba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ Lọ́ọ̀jì Àgbà tó ni ín. Wọn kò jìjàdù ilẹ̀kùn àbáwọlé. Ẹni tí Lọ́ọ̀jì Àgbà bá ti sọ di ọ̀gá oníṣẹ́ ni wọn yóò gbà, òun ni wọn yóò sì fún ní oyè. Nítorí ìyẹn, Lọ́ọ̀jì Àgbà púpọ̀ ní Amẹ́ríkà gbà wọ́n láyè, wọn kò sì rí wọn bí ọ̀tá.

Ìjà kò tán síbẹ̀. Joseph Cerneau dá ètò tirẹ̀ sílẹ̀ ní New York ní 1807, ọdún 1867 sì ni ìyapa náà tó parí ní apá àríwá. Albert Pike, tó ṣe olórí apá gúúsù láti 1859 títí ó fi kú ní 1891, ló tún àwọn ìpele náà kọ, tó sì tẹ ìwé ńlá Morals and Dogma jáde ní 1871. Orúkọ rẹ̀ ló jẹ́ kí ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé òun ni olórí gbogbo Fírímésìn láyé. Kò jẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kan. Lọ́ọ̀jì Àgbà ìpínlẹ̀ tó wà ló ní àṣẹ lórí rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ó ṣe ní in lórí ẹni tó wọlé lánàá.

Bí ó ṣe ń lọ fún ọmọ ẹgbẹ́

Ní Amẹ́ríkà, ẹni tó bá ti gba ìpele kẹta lè wọ Scottish Rite, kó sì dé ìpele 32 láàárín ọjọ́ díẹ̀. Wọ́n máa ń ṣe àwọn ìpele kan bí eré orí ìtàgé, kí ọ̀pọ̀ èèyàn jókòó wò ó lẹ́ẹ̀kan náà. Ní England, ìpele 18 ni wọ́n ń gbani sí. Orúkọ nìkan ni wọ́n fi ń dá àwọn tó wà láàárín lọ́lá, wọ́n sì ń béèrè pé kí ẹni náà jẹ́ Kírísítẹ́nì. Bẹ́ẹ̀, lọ́ọ̀jì ìpele mẹ́ta kò béèrè ju pé kéèyàn gba Ọlọ́run gbọ́. Ní ti ìpele 33, a kì í tọrọ rẹ̀. Ìgbìmọ̀ ló ń pe ẹni tó bá wù ú.

Láti di ọ̀gá lọ́ọ̀jì, ọ̀nà mìíràn ni. Àwọn ọmọ lọ́ọ̀jì ló ń dìbò, ẹni tó ti ṣe igbákejì ọ̀gá ni wọ́n sì sábà máa ń yàn. Ní England, ẹni kan kò gbọ́dọ̀ jókòó sórí àga náà ju ọdún méjì léraléra lọ láìgba ìyọ̀ǹda. Ọwọ́ rẹ̀ ni òòlù tí wọ́n fi ń darí ìpàdé máa ń wà, Ọ̀gá Àgbà tàbí aṣojú rẹ̀ nìkan ló sì lè gbà á. Bí onípele 33 bá wá ṣe àlejò, wọ́n á yẹ́ ẹ sí, ṣùgbọ́n òòlù kò ní kúrò lọ́wọ́ ọ̀gá. Bí Lọ́ọ̀jì Àgbà bá sì dá a dúró nítorí ìwà tàbí nítorí owó ẹgbẹ́ tí kò san, gbogbo ìpele tó wà lókè á bá a lọ. Bí ẹ̀ka ṣe gùn tó, gbòǹgbò ló gbé e ró.

Ta ló ń fúnni ní ìwé àṣẹ?

Kò sí ibi tí òfin pé ọwọ́ Lọ́ọ̀jì Àgbà ni àṣẹ wà ti dun èèyàn tó ti àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà. Ìtàn wọn sọ pé ní 6 oṣù kẹta ọdún 1775, ní Boston, lọ́ọ̀jì ọmọ ogun kan tó wà lábẹ́ Ireland gba Prince Hall àti àwọn aláwọ̀ dúdú 14 mìíràn wọlé. Nígbà tí àwọn ológun ń lọ, wọ́n yọ̀ǹda fún wọn láti máa ṣèpàdé, kí wọ́n tò lọ́jọ́ St John, kí wọ́n sì máa sin òkú wọn, ṣùgbọ́n wọn kò gbọ́dọ̀ gba ẹni tuntun. Prince Hall kọ̀wé sí London. London fún African Lodge ní ìwé àṣẹ ní 1784, nọ́ńbà 459, ọdún 1787 ló sì tó dé Boston.

Àwọn aláwọ̀ funfun kò gbà wọ́n. Òfin tí wọ́n ń tọ́ka sí ni pé Lọ́ọ̀jì Àgbà kan ṣoṣo ló lè wà ní ìpínlẹ̀ kan, torí ọba méjì kì í jẹ láàfin kan. Ìwé àṣẹ tí Prince Hall ní lọ́wọ́ ti ọ̀dọ̀ ìyá gbogbo wọn wá, síbẹ̀ òfin ìpínlẹ̀ ni wọ́n fi dí ọ̀nà mọ́ ọn. Ní 1827, African Lodge kéde pé òun ti dá dúró. Wọ́n ní ìpele gíga tiwọn, wọ́n sì ní onípele 33 tiwọn, àmọ́ ìpele 33 náà kò ṣí ilẹ̀kùn lọ́ọ̀jì aláwọ̀ funfun tó wà ní àdúgbò wọn fún ẹnikẹ́ni. Ohun tó ṣí i ni ìfọwọ́sí láàárín Lọ́ọ̀jì Àgbà méjì. Connecticut ló kọ́kọ́ ṣe é tó dúró, ní 1989. London tẹ̀ lé e fún ti Massachusetts ní 1994.

Èkó àti Ògbóni

Láti òpin àwọn ọdún 1860 ni Lagos Lodge, nọ́ńbà 1171 lábẹ́ London, ti wà ní Èkó. Ìdí tí ìpele gíga fi ń dẹ́rù ba èèyàn níbí yé mi. Nínú Ògbóni Ẹ̀gbá àti Ọ̀ṣùgbó Ìjẹ̀bú àtijọ́, oyè àti àṣẹ kò yà. Olúwo àti Apènà ń dájọ́, wọ́n ń ṣe ìjọba, ọba pàápàá kò kọjá ọ̀rọ̀ wọn. Ojú tí a fi ń wo Olúwo la fi ń wo onípele 33.

Ní 1914, ọdún kan náà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fòpin sí òmìnira ìjọba Ẹ̀gbá, Àlùfáà T. A. J. Ogunbiyi ti ìjọ Áńgílíkà dá Ẹgbẹ́ Ògbóni Kírísítẹ́nì sílẹ̀ ní Èkó. Ní 1934 wọ́n yí orúkọ rẹ̀ sí Reformed Ogboni Fraternity, kí àwọn tí kì í ṣe Kírísítẹ́nì lè wọlé. Ó mú orúkọ oyè àtijọ́, Olúwo, Apènà, Erelú, ó sì fi ètò ẹgbẹ́ òde òní gbé wọn kalẹ̀. Àwọn obìnrin wà níbẹ̀, ohun tí lọ́ọ̀jì London kò gbà. Ṣùgbọ́n ohun kan ti yí padà: Apènà inú ẹgbẹ́ Ogunbiyi kò lè dájọ́ fún ìlú. Àṣẹ rẹ̀ kò kọjá inú ilédì, ilé ìpàdé Ògbóni, bí ti ọ̀gá lọ́ọ̀jì kò ṣe kọjá ilé ìpàdé rẹ̀. Òfin Nàìjíríà pàápàá ti fi ààlà sí i: abala 38 nínú ìwé òfin 1999 sọ pé ẹ̀tọ́ ẹ̀sìn kò fún ẹnikẹ́ni láyè láti dá ẹgbẹ́ òkùnkùn sílẹ̀ tàbí láti wà nínú rẹ̀, ìtumọ̀ tí ìwé náà sì fún irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ kò mẹ́nu kan iye ìpele. Ìbúra, bíbo orúkọ ọmọ ẹgbẹ́, àti ṣíṣe ojúsàájú fún ara ẹni láìka ẹ̀tọ́ ẹlòmíràn sí ló ń wò.

Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ mọ ibi tí agbára Fírímésìn kan mọ, kó má wulẹ̀ bi í pé ìpele mélòó ló ti gùn. Kó bi í pé lọ́ọ̀jì wo ló wà, ta ló fún lọ́ọ̀jì náà ní ìwé àṣẹ, àti pé ṣé ó ti san owó ẹgbẹ́ ọdún yìí.